Ìyá Ìyàwó Dé Síbi Eré Kérésì

Ní ọdún tí wọ́n ti bodè pa, ìró tí mo fi ń jí láàárọ̀ yí padà. Tẹ́lẹ̀, ìró ọ̀kadà ni: ti Bọ̀dá Kúnlé, ẹ̀gbọ́n mi, tó máa ń húkọ́ bí arúgbó kó tó gbà láti dún, àti ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń dúró dè é lẹ́bàá ọ̀nà. Lọ́dún náà, ìró atẹ ló kù. Màámi á jókòó sẹ́yìn ilé, á máa gbọn ìrẹsì lórí atẹ, á máa ṣa òkúta inú rẹ̀, èmi náà á jókòó tì í kí n tó lọ sílé ẹ̀kọ́. Ìrẹsì ìbílẹ̀ ni. Mo ń gbọ́ lórí rédíò nígbà náà pé ìrẹsì tiwa dára ju ti òkèèrè lọ, ó sì lè rí bẹ́ẹ̀. N kò ní ẹ̀rí tí mo lè fi ta kò ó. Ohun tí mo mọ̀ ni pé èyí tó ń dé Ìlaròó lọ́dọ̀ tiwa ní òkúta, àti pé Màámi, tó ń se ìrẹsì tà fún àwọn òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ pólì, kò fẹ́ kí eyín ẹnikẹ́ni kán nídìí oúnjẹ òun. Ó máa ń ṣa á lẹ́ẹ̀kan, á tún un ṣa. Bí mo bá rántí ojú rẹ̀ lọ́dún yẹn, bí ó ṣe dorí kọ atẹ ni mo máa ń rí, bí ẹni tó ti rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Àwa mẹ́rin la wà nínú ilé: Màámi, Bọ̀dá Kúnlé, èmi, àti Ìyá Àgbà tó bí bàbá wa. Bàbá wa fúnra rẹ̀ ti kú. N kò rántí ohùn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo máa ń sọ pé mo rántí nígbà tí mo wà ní kékeré, nítorí pé ó máa ń dùn mọ́ Ìyá Àgbà nínú. Ìwòyè-Kétu ni wọ́n ti bí Ìyá Àgbà, níbi tí ilé èèyàn ti lè wà ní orílẹ̀-èdè kan kí oko rẹ̀ sì wà ní òmíràn. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ bodè létí rẹ̀, á ní, "Ilẹ̀ ni òyìnbó fàlà sí, kò fàlà sáàárín ọmọ ìyá." Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà. Nísinsìnyí tí mo ti kàwé díẹ̀, mo rí i pé kì í ṣe gbogbo òtítọ́ ló wà nínú rẹ̀. Ààlà náà ló ń bọ́ wa. Bí kò bá sí i, ìrẹsì ọ̀hún kò ní pọ́ọ́kú ju ti ìhín lọ, kò sì ní sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti dì í mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà gba inú igbó kọjá.

Fàyàwọ́ ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yẹn. Bí èèyàn bá tú ọ̀rọ̀ náà wò, ẹni tó ń fi àyà wọ́ nílẹ̀ bí ejò ni, ṣùgbọ́n n kò tú u wò rí nígbà náà. Gbogbo onífàyàwọ́ tí mo mọ̀ ló ń nàró rìn, wọ́n ń ra súúyà fún wa, wọ́n sì ń dọ̀bálẹ̀ kí Ìyá Àgbà. Bọ̀dá Kúnlé bọ́ sídìí rẹ̀ lẹ́yìn tó jáde ilé ìwé gírámà. Màámi kò fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò kọ̀ ọ́ fún un, nítorí ọ̀nà náà ni ìrẹsì tí òun alára ń sè ń gbà wọlé. Nígbà tí wọ́n wá ti bodè pa, tí àwọn ológun dara pọ̀ mọ́ àwọn aṣọ́bodè lójú ọ̀nà, nǹkan yí. Ọmọkùnrin kan ní àdúgbò wa, tí òun àti Bọ̀dá Kúnlé jọ máa ń rìn, já sí kòtò níbi tó ti ń sáré láìtan iná. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ délé lórí ọ̀kadà òun fúnra rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n sin ín, Màámi gbé Bíbélì bàbá wa kalẹ̀ níwájú Bọ̀dá Kúnlé.

"Gbé ọwọ́ lé e."

"Màámi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ná."

"Mo ti sọ tèmi. Gbé ọwọ́ lé e."

Ó gbé ọwọ́ lé e, ó ní òun kò ní lọ mọ́. Ìyá Àgbà tó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ rọra. Ẹni tébi ń pa kì í mọ ohun tó fọwọ́ lé." Màámi ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Láti ọjọ́ náà, Bọ̀dá Kúnlé sọ pé òun ti ríṣẹ́ sí ibi kan tí wọ́n ti ń kọ́lé, pé òun ń ru búlọ́ọ̀kù. Ó ń mú nǹkan díẹ̀ wálé. Ó máa ń jáde kí a tó jí ní ọjọ́ mìíràn, tó bá sì dé, sòkòtò rẹ̀ á ti tutù dé orúnkún. Ó lè jẹ́ omi tí wọ́n fi ń po sìmẹ́ńtì. Ó sì lè jẹ́ ìrì. Màámi ló ń fọ sòkòtò náà, kò sì sọ nǹkan kan. Mo ti ro ó títí bóyá ó mọ̀. Èrò mi ni pé ó ti pinnu láti má ṣe mọ̀, ìyẹn sì yàtọ̀ sí kéèyàn má mọ̀. Ó ń gba agbára jù ú lọ.

Nígbà tí ọdún ń lọ sópin, Tíṣà Bánjọ wá sílé wa. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, òun ló sì máa ń gbé eré Kérésì kalẹ̀ lọ́dọọdún ní gbọ̀ngàn ìlú. Eré náà kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì máa ń ṣe, tí wọ́n á kan tò lẹ́sẹẹsẹ kí wọ́n ka Bíbélì. Ẹ̀rín ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Káfíńtà kan tó nírùngbọ̀n ló máa ń ṣe ìyàwó onílé èrò ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, á wé gèlè, á di ìrọ̀rí méjì mọ́ àyà. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí Màríà ń gùn, ọkùnrin méjì ni lábẹ́ aṣọ kan, ìdí rẹ̀ kì í sì í fẹ́ lọ síbi tí orí ń lọ. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Hẹ́rọ́dù bá ń yọ́ bọ̀ lẹ́yìn Jósẹ́fù, gbogbo ìjókòó ló gbọ́dọ̀ pariwo pé, "Ẹ̀yìn rẹ! Ó wà lẹ́yìn rẹ!" Jósẹ́fù á wo ọ̀tún, á wo òsì, á ní òun kò rí nǹkan kan. Mùsùlùmí ń wá, Kìrìsìtẹ́nì ń wá, àwọn tó ń bọ òrìṣà ilé wọn náà ń wá. Àwọn kan sọ pé Tíṣà kọ́ ọ lọ́dọ̀ òyìnbó tó kọ́ ọ níṣẹ́ olùkọ́. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé àwọn aláwàdà ìlú òun ló kọ́ òun. Kò ní mi lára láti gbà pé méjèèjì jẹ́ òótọ́.

Jósẹ́fù tọdún tó kọjá ti lọ sí Èkó. Tíṣà wo Bọ̀dá Kúnlé láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ẹni tó ga tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni mo ń wá. Jósẹ́fù ò sọ̀rọ̀ kankan nínú Bíbélì, iṣẹ́ ló ń ṣe." Bọ̀dá Kúnlé ń wá àwáwí. Ó ní òun kò lè há ọ̀rọ̀ sórí, ó ní iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù ń rẹ òun. Màámi ló dáhùn fún un pé á ṣe é. N kò rí i kí ó yára báyẹn sí ohunkóhun láti ìgbà tí bodè ti tì. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń fi eré náà dánra wò, mo sì mọ ìṣirò tó ń ṣe nínú: ẹni tó bá wà ní gbọ̀ngàn ní ìrọ̀lẹ́ kò sí nínú igbó. Ó máa ń rán mi pé kí n gbé oúnjẹ lọ fún un. Ṣé oúnjẹ nìkan ló rán mi sí? N kò rò bẹ́ẹ̀. Tí mo bá dé, á ní, "O bá a níbẹ̀?" Màá ní mo bá a. Á wá mí kanlẹ̀.

Ọjọ́ eré, ẹsẹ̀ la fi rìn lọ, torí bẹntiróòlù ti wọ́n gógó ní agbègbè wa. Màámi ru ìkòkò ẹ̀wà. Ó ti jẹ́ àṣà pé kí ilé kọ̀ọ̀kan gbé oúnjẹ dání, kí a jọ jẹun lẹ́yìn eré, ìrẹsì ni gbogbo ilé sì máa ń gbé nígbà kan. Lọ́dún yẹn, bí a ti ń to ìkòkò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ẹ̀wà ni, iṣu ni, fùfú ni, ẹ̀kọ ni. Obìnrin kan ṣí ìkòkò tirẹ̀ wò bí ẹni pé nǹkan lè ti yí padà nínú rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ìyá Àgbà jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó ní, "Ọ̀nà kì í rẹ̀, ẹsẹ̀ ló ń rẹ̀," ó sì ti ń tòògbé kí aṣọ ìtàgé tó ká.

Eré náà dùn. Mo sọ èyí pẹ̀lú ìṣọ́ra, nítorí mo mọ̀ pé ohun tí a rí nígbà èwe máa ń dùn sí i bí a ṣe ń dàgbà. Bọ̀dá Kúnlé fa kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ jáde, Màríà sì ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú oyún aṣọ, nítorí pé ìdí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kọ̀ láti gbé e. Wọ́n dé ẹnu ilé èrò. Káfíńtà wa jáde pẹ̀lú gèlè àti irùngbọ̀n, ó na ọwọ́ dá wọn dúró.

"Níbo lẹ ti ń bọ̀?"

"Násárẹ́tì ni, Màmá," ni Bọ̀dá Kúnlé wí.

"Násárẹ́tì. Ṣé ìhín bodè nìyẹn àbí ọ̀hún?"

Gbogbo ìjókòó rẹ́rìn-ín. Káfíńtà rọra rìn yí Màríà ká, ó fi ìka kan tẹ ikùn rẹ̀.

"Kí lo gbé síbí, ọmọ dáadáa?"

"Oyún ni, Màmá."

"Oyún. Oyún ni gbogbo wọn máa ń sọ. Mi ò ní kí o bínú o, àmọ́ oyún wo ló ń dún ṣakaṣaka bí ìrẹsì báyìí?"

N kò tíì gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó jókòó síbẹ̀ ti di ìrẹsì mọ́ ikùn kọjá níwájú àwọn aṣọ́bodè rí, wọ́n ti fọwọ́ di ìbàdí mú bí aboyún, wọ́n ti kérora. Màámi fi etí ìró bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń sunkún. Ẹ̀rín ni. Láti ìgbà ìsìnkú yẹn, n kò gbọ́ ọ.

Ibi tí àwọn ọmọ ogun Hẹ́rọ́dù ti máa ń wọlé, ẹ̀yìn aṣọ ni. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, ojú wa sì wà níbẹ̀, a ti múra láti pariwo. Tíṣà ti yí i padà lọ́dún yẹn láìsọ fún ẹnikẹ́ni àyàfi àwọn ọmọ ogun náà. Ó fẹ́ kí wọ́n gba ẹnu ọ̀nà ńlá wọlé, láàárín àwa òǹwòran, kí ó bá wa lójijì. Ó wá kákí àti bàtà ńlá fún wọn, ó fún wọn ní tọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rẹ́ Bọ̀dá Kúnlé kan tó ń jẹ́ Ràṣídì ló fara ti ẹnu ọ̀nà yẹn, tó ń wo eré láti ibẹ̀. Ó gbọ́ ìró bàtà lẹ́yìn, ó yíjú, ó rí kákí àti iná tọ́ọ̀ṣì tó ń bọ̀. Ó ké pe orí ìtàgé pé, "Kúnlé! Ìyá ìyàwó ti dé!"

Kí n tó lóye ohun tí mo gbọ́, Bọ̀dá Kúnlé ti wà nílẹ̀. Lẹ́yìn gbọ̀ngàn, àwọn ọ̀dọ́kùnrin bíi mélòó kan náà ti kó sábẹ́ bẹ́ǹṣì. Ẹ̀rín bú, torí àwọn èèyàn rò pé ara eré ni: ìyá Màríà ló dé, Jósẹ́fù sì dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ̀ bó ti yẹ. Obìnrin kan níwájú wa ní, "Ẹ wo ọmọ tí wọ́n kọ́. Àna ò tíì wọlé, ó ti dọ̀bálẹ̀." Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí i kí ọkùnrin dọ̀bálẹ̀ mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń ṣe é. Ẹni tó ń kí àna máa ń kọjú sí i, á fi ojú àti ìbàdí hàn pé òun bọ̀wọ̀ fún un. Bọ̀dá Kúnlé fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé pákó, ó fi apá kan bo orí, ó sì ń fi àyà wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ sábẹ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ó fa aṣọ rẹ̀ bo ara. Ó ṣe é bí ẹni tó ti ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà. Màríà dúró, ọwọ́ rẹ̀ ṣì nà sí ibi tí ọkọ rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀.

Tíṣà ló gba eré náà là. Ó yọrí láti ẹ̀gbẹ́ aṣọ, ó ní, "Jósẹ́fù, dìde, àna rẹ ti dá ọ lóhùn." Bọ̀dá Kúnlé dìde, ó gbọn eruku nù, ó parí eré dé ibi tí àwọn ańgẹ́lì ti kọrin. Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ìyẹn ló dùn jù nínú eré ọdún náà. Ìyá Àgbà tí ariwo ti jí béèrè pé, "Ta ni ìyá ìyàwó tó dé?"

"Kò sẹ́ni tó dé, Màmá," ni Màámi wí. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó gbé ìkòkò ẹ̀wà wa tí a kò tíì ṣí, ó rù ú, a sì ń lọ sílé.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun tó rí. Ó pẹ́ tí àwọn onífàyàwọ́ ti ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń kìlọ̀ fún ara wọn. Kí wọ́n tó ti bodè, "Òjò ń ṣú" ni. Gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n. Àwa ọmọdé ń fi ṣeré bojúbojú, àwọn aṣọ́bodè pàápàá sì ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ọ̀nà wá le, àwọn tó ṣì ń lọ pa á tì, wọ́n mú tuntun: ìyá ìyàwó ti dé, nítorí pé bí ọkùnrin bá gbọ́ ọ, ilẹ̀ ló ń lọ. Àwọn tó ti fi ọ̀nà sílẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́jọ́ tó gbé ọwọ́ lé Bíbélì, ọ̀rọ̀ òjò nìkan ni ì bá mọ̀. Ọdún bíi méjì lẹ́yìn náà ni Bọ̀dá Kúnlé tó là á yé mi. Màámi kò nílò àlàyé kankan. Ó rí bó ṣe ṣubú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó pè é sẹ́yìn ilé. Èmi wà nídìí atẹ, kò sì lé mi.

"Kúnlé."

"Màámi."

"Ìgbà wo ni wọ́n ti ń pe àwọn aṣọ́bodè ní ìyá ìyàwó?"

Bọ̀dá Kúnlé wolẹ̀. "Kò tíì pẹ́."

"Ṣé kí wọ́n tó sin ọmọ yẹn ni, àbí lẹ́yìn ẹ̀?"

"Lẹ́yìn ẹ̀ ni, Màámi."

"Ó dáa."

Ìyá Àgbà ti yàrá dáhùn pé, "Ẹ jẹ́ ọmọ jẹun ná." Màámi ní, "Mi ò bá a jà, Màmá. Ó rẹ̀ mí ni." Ó yíjú padà sí Bọ̀dá Kúnlé. "Mi ò ní gbé Bíbélì síwájú rẹ mọ́. Mi ò fẹ́ kí o dẹ́ṣẹ̀ méjì pọ̀. Ohun kan ni mo ń bẹ̀ ẹ́. Tí o bá ń lọ, sọ fún mi kí o tó lọ, kí o sì sọ ọ̀nà tí o gbà. Kí n mọ ibi tí màá ti wá ọ."

"Ìwé Bùnmi ńkọ́?" ni ó wí, ó sì fi àgbọ̀n júwe mi. "Búlọ́ọ̀kù ò lè rán an."

"Mo gbọ́. Ṣá ti sọ fún mi."

Mo ń ṣa òkúta lọ. Ohun tó ṣòro fún mi láti wọ̀n títí di òní nìyẹn. Mo parí ìwé náà, mo gba oyè, n kò sì lè ya ohun tí búlọ́ọ̀kù san sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí igbó san.

Lẹ́yìn ọdún tuntun, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí oòrùn kò tíì wọ̀, Bọ̀dá Kúnlé wá bá Màámi níbi tó ti ń fọ ìkòkò. Ó wọ bàtà. Ó ní, "Màámi, mò ń lọ. Ọ̀nà Ọjà-Ọ̀dàn ni." Màámi kò sọ pé kó má lọ. Ó nu ọwọ́, ó wọlé, ó gbé àga jáde, ó gbé e sí iwájú ilé níbi tí èèyàn ti lè rí ọ̀nà, ó jókòó. Bọ̀dá Kúnlé yí ọ̀kadà dé ẹ̀bá títì. Ó bojú wẹ̀yìn. Ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ó padà wá.

"Màámi, ẹ wọlé."

"Mo ti gbọ́ ọ̀nà tó o gbà. Máa lọ."

"Ẹ wọlé kí n tó lọ."

"Mi ò ní wọlé kó o tó dé."

Ó dúró. Ó yẹ kí n sọ pé ó ti lọ lọ́pọ̀ ìgbà láàárín oṣù wọ̀nyẹn, ó sì ti bọ̀, nígbà tí Màámi ń sùn nínú ilé. Ọ̀nà náà kò léwu sí i lọ́jọ́ yẹn ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé ẹnì kan ti mọ̀, ó sì jókòó. Bọ̀dá Kúnlé lọ yí ọ̀kadà padà, ó gbé e dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Màámi, ó sì jókòó lé e láìbọ́ bàtà. Ìyá Àgbà ń pè láti inú ilé pé oúnjẹ ń tutù.

Kò lọ ní ìrọ̀lẹ́ yẹn. Ìyẹn ni mo lè jẹ́rìí sí. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, Màámi ní, "Ó lè jẹ́ ọ̀la lo máa lọ."

"Ó lè jẹ́, Màámi."

"Kó o sọ fún mi."

"Màá sọ fún yín."